Aṣọ Funfun Lábẹ́ Mọ́tò

Kí oòrùn tó yọ ni Aránṣọ ti kúnlẹ̀ sínú ọgbà, tó ń fi àkísà nu sìmẹ́ńtì lábẹ́ mọ́tò ọkọ rẹ̀. Kùrukùru bo gbogbo nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó bo géètì, ó bo okùn ìsáṣọ, ó bo mọ́tò náà débi pé táyà iwájú méjèèjì nìkan ló hàn dáadáa, tí ìyókù dà bí ohun tí èèyàn kàn ń rò lọ́kàn. Nǹkan pupa kan wà lórí sìmẹ́ńtì, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó nù ún, ó da omi ọṣẹ sí i, ó tún nù ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti ń ṣe é láràárọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó jí. Tí ẹ bá bi í léèrè, á ní eruku ni òun ń nù. Irọ́ gbuu ni.

Má-sáré ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé, kò sì sáré lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ tó kó nígbà yẹn ti di ìyá ọmọ, wọ́n ti di bàbá ọmọ, síbẹ̀ tí wọ́n bá rí i lójú títì, wọ́n á ní, "Má-sáré, ẹ rọra o!" Òun náà á ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ẹni tó tún rọra jù báyìí lọ han òun. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀ ní ìdí tábìlì oúnjẹ, ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Oṣù márùn-ún gbáko ni ọwọ́ náà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíì. Aránṣọ ló ń bá a de bọ́tìnnì, òun ló ń bá a gé búrẹ́dì. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń jókòó ti fèrèsé, ó ń wo mọ́tò. Ọjọ́ tí ọwọ́ wá padà, tó wa mọ́tò náà jáde ní géètì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, kò sì dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó rẹ̀ sunkún ní kọ̀rọ̀ nítorí ayọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ kan, òun nìkan ni wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n sì ń pè é nílé. Òun ló fi òfin lélẹ̀.

"Bàámi, ẹ máa wakọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ọjọ́ náà ni ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Bàbá ṣèlérí.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, Aránṣọ ti ń rí i pé ọkọ òun ń bá sítíárìn jà. Tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, èjìká ló ń fi sí i. Òógùn á bo iwájú orí rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kò sì ní sọ nǹkan kan. Òun tó jókòó tì í náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Àárín ìgbà yẹn náà ni nǹkan pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí sìmẹ́ńtì. Ó lọ ṣí bónẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń wẹ̀, nítorí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Àwọn ike kéékèèké wà níbẹ̀. Ìyókù kún, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ike náà ṣe é láàánú. Ó ronú pé ọ́ìlì kúkú ni ọ́ìlì, òun náà sì ní ọ́ìlì nílé, èyí tí òun fi ń tọ́jú maṣíìnì ìránṣọ òun láti ìgbà ọmọge. Ló bá dà á sí i! Láti ọjọ́ yẹn, tó bá nu ilẹ̀ tán láàárọ̀, á ṣí bónẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á bu ọ́ìlì maṣíìnì sínú ike náà, á sì padà sí yàrá bí ẹni tí kò ṣe nǹkan.

Ẹ bá mi wo obìnrin yìí o. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ohun tó ń jò sílẹ̀ àti ohun tó ń wúwo lọ́wọ́ ọkọ òun lè jẹ́ ọ̀kan náà, pé ọ́ìlì pupa yẹn ló ń mú kí sítíárìn fúyẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé Nọ́ọ̀sì ti ń wí pé mọ́tò náà ti gbó, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé ó tún ń jò, wọ́n á wọ́ ọ lọ. Ọkọ òun á tún padà sí ìdí fèrèsé.

Ó ń fún àkísà láàárọ̀ Jímọ̀ yìí nígbà tí Má-sáré yọ nínú kùrukùru, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó mú ife tíì lọ́wọ́.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, kí lò ń wá lábẹ́ mọ́tò?"

"Abẹ́rẹ́ mi ló já bọ́."

"Abẹ́rẹ́? Ṣé táyà lo ti wá ń rán báyìí ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó gbé ife sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Mo pe ọmọ rẹ lánàá," ó ní. "Mo ní kó wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́la."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ibi yíyà tó wà lẹ́bàá ilé elégbòogi, lánàá. Mo yí sítíárìn, kò tètè wá. Obìnrin kan tó gbé korobá sọ́wọ́ fò sẹ́yìn. Ó rò pé eré ni mò ń bá òun ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi. Kò mọ̀ pé ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni. Ọwọ́ yìí ti tún ń lọ, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ dúró títí màá fi gbá ọmọ ọlọ́mọ kí n tó gbà."

Ẹ óò ní kí ló dé tí awakọ̀ ọgbọ̀n ọdún ò fi ṣí bónẹ́ẹ̀tì wò kó tó dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀rù ni. Tó bá ṣí i, tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ ni lóòótọ́ nìyẹn. Ó wò yíká lórí ilẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀kán kan. Ta ló sì nu ilẹ̀? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, mọ́tò ń jò."

"Kí ló ń jò?"

"Nǹkan pupa. Èmi ni mo ń nù ún láràárọ̀."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọwọ́ mi náà bẹ̀rẹ̀," ni Má-sáré wí, ó rọra wí i.

Kùrukùru ń rìn láàárín wọn. Ẹyẹ kan ké níbì kan tí ojú ò tó, ó tún dákẹ́. Aránṣọ rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ ń là bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń fipá mú un padà.

"Má tíì dunnú o," ó ní. "Ó lè jẹ́ mọ́tò. Ó lè jẹ́ ọwọ́. Ó lè jẹ́ méjèèjì."

Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ara ẹ́ńjìnnì, ó nu àwọn rọ́bà, ó nu àwọn irin, nítorí pé níbi tí gbogbo nǹkan bá ti dọ̀tí, kò sí bí èèyàn ṣe máa mọ ibi tó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyàwó òun bá òun wá páálí kan tí àwọn máa tẹ́ sábẹ́ mọ́tò. Aránṣọ ní páálí kẹ̀? Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó gbé odidi aṣọ funfun jáde, ó mú téèpù, sísọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ. Ó wọn àárín táyà méjèèjì, ó tẹ́ aṣọ sórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ lápá kan ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí i: táyà ọ̀tún níbí, táyà òsì níbí, ẹ́ńjìnnì láàárín, ike ọ́ìlì ní igun yìí.

"Ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán fún un ni?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi jàre. Tí ẹ̀kán bá já sórí ìlà, a ó mọ ohun tó wà lókè ẹ̀."

Má-sáré wo iṣẹ́ náà títí, ó mi orí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa mọ́tò, irú rẹ̀ ò wá sí i lọ́kàn rí. Wọ́n fa aṣọ náà wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n tẹ́ ẹ kó gún régé, ó sì funfun débi pé ó dà bí ẹni pé ìkùukùu ló wọ abẹ́ mọ́tò lọ sùn.

"Ó yá, wọlé. Jókòó síbẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Màá dúró níbí wo rọ́bà. Tí mo bá ní sọ́tùn-ún, o yí i sọ́tùn-ún. Bíréèkì ọwọ́ ti wà lókè, kò ní lọ síbì kankan."

Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, Aránṣọ ò jókòó sí ìdí sítíárìn rí. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kùrukùru ń ṣàn kọjá lójú díńgí, ó sì wá dà bí ẹni pé ilé ló ń rìn lọ, tí òun dúró. Ó rí fèrèsé yàrá rẹ̀ tó ń jìnnà. Ó rí orí maṣíìnì rẹ̀ nínú fèrèsé náà. Ó ronú pé ibí yìí ni ọkọ òun ti ń wo ayé láti ọjọ́ yìí wá, pé ibẹ̀ dákẹ́, pé èèyàn dá wà níbẹ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Oorun tí kì í ṣe oorun fẹ́ gbé e.

"Sọ́tùn-ún!" ohùn ọkọ rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn bónẹ́ẹ̀tì.

Ó yí i. Nǹkan kan han nínú ẹ́ńjìnnì, "híìììn," bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ẹ̀. Sítíárìn ò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọwọ́ tó ti ń ti áyọ́ọ̀nù eléèédú láti ìgbà ọmọge, ọwọ́ tí kò bẹ̀rù iṣẹ́. Ó fi gbogbo agbára tì í. Ó lọ díẹ̀, ó tún le gan-an.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì!"

"Kí ló dé? Mo ní sọ́tùn-ún!"

"Kò yí!"

"Fi agbára sí i."

"Mo ní kò yí! Ọwọ́ mi méjèèjì tó dá ṣáṣá rèé, kò yí!"

Nígbà tó yá, Má-sáré rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi orí wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tún un sọ," ó ní.

"Kò yí, olówó orí mi. Èmi náà ò lè yí i."

Ọkùnrin náà fi iwájú orí ti ara ilẹ̀kùn mọ́tò. Aránṣọ nawọ́ jáde, ó gbé e lé e lórí.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fa aṣọ jáde, ẹ̀kán mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, nítòsí táyà òsì, kò jìnnà sí igun tí Aránṣọ ya ike sí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ò pọ́n tó bó ṣe yẹ. Àárín wọn pupa díẹ̀, etí wọn funfun bí omi lásán. Má-sáré tẹ ọ̀kan, ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó rẹ̀.

"Òórùn yìí," ó ní. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń sùn ti òórùn yìí. Òórùn ara aṣọ rẹ ni. Ọ́ìlì maṣíìnì ni!"

Kò sí ibi tí Aránṣọ máa sá sí. Ó jẹ́wọ́ tán: bónẹ́ẹ̀tì, ike, gbogbo ẹ̀. Inú bí Má-sáré, ó pariwo pé ṣé obìnrin yìí fẹ́ pa òun ni, pé ọ́ìlì yẹn fúyẹ́ jù, pé ó ń yọ́ jáde níbi tí ojúlówó ọ́ìlì ì bá ti fara balẹ̀, pé òun ò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan! Aránṣọ náà pariwo padà pé kí ni òun fẹ́ ṣe, ṣé kí òun pe Nọ́ọ̀sì kó wá wọ́ mọ́tò lọ ni, ṣé ẹni tó ń jókòó ti fèrèsé kò mọ̀ pé ẹnìkan ń wo òun láti ẹ̀yìn? Ó bú sẹ́kún. Bàbá náà gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn.

"Mi ò mọ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Má sunkún mọ́. Gbé tọ́ọ̀ṣì wá."

Ẹ̀kán já sílẹ̀ níbìkan, ṣùgbọ́n òkè ni ó ti ń bọ̀. Wọ́n ń tẹ̀ lé ibi tó tutù: láti ìsàlẹ̀ irin, sókè lára rọ́bà, títí dé ibi tí rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì padà ti wọ ìdí ike. Níbẹ̀, lábẹ́ kílíìpù irin tó ti dógùn-ún, ẹnu rọ́bà ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Má-sáré tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì yọ.

"Òun rèé," ó wí. "Olè wa rèé."

Ó rìn lọ ra ojúlówó ọ́ìlì sítíárìn àti kílíìpù tuntun. Nígbà tó dé, oòrùn ti jẹ kùrukùru tán, àfi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá ògiri. Ó fi síríńjì ńlá kan tí Nọ́ọ̀sì gbàgbé sílé fa ọ́ìlì àdàlù inú ike jáde, ó tú kílíìpù, ó yọ rọ́bà, ó gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó wá kù kó gé ẹnu rọ́bà tó sán kúrò. Ó nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ gbé e sílẹ̀!"

"Ìwọ̀n ìka méjì péré ni mo fẹ́ gé."

"Sísọ́ọ̀sì aṣọ ni, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì rọ́bà. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa rí mi."

"Ẹni tó da ọ́ìlì maṣíìnì sí mọ́tò ló ń sọ̀rọ̀," ni Má-sáré wí, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló lọ mú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín yẹn ti wọ ọgbà náà.

Ó gé ibi tó sán kúrò, ó ti rọ́bà padà sórí ẹnu ike, ó fi kílíìpù tuntun fún un pinpin. Lẹ́yìn tí ó ti fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ ṣan inú rẹ̀ títí àwọ̀ fi pọ́n, ó rọ ọ́ kún dé ojú àmì. Ó fi jáákì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó gbé igi sábẹ́ ẹ̀ kó má baà yẹ̀. Aránṣọ ló tún jókòó sí ìdí sítíárìn. Ẹ́ńjìnnì kú, ó ń yí i lọ sọ́tùn-ún, ó ń yí i bọ̀ sósì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà lè jáde. Má-sáré ń wo ìfófòó tó ń yọ nínú ike. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún ṣe é. Ọ̀sán ti gun orí òrùlé. Ìgbà tí ìfófòó dáwọ́ dúró, tí wọ́n sọ táyà kalẹ̀, tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, nǹkan ò han mọ́. Aránṣọ fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárìn, ó sì yí.

"Ẹ wọlé, ẹ dán an wò," ó ní.

Má-sáré nu ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún pẹ́.

"Lọ́la," ó ní.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Mọ́tò ti yè, ṣùgbọ́n òun ló sọ pé ó lè jẹ́ méjèèjì. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun mìíràn sábẹ́ mọ́tò, wọ́n sì wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ náà funfun báláú. Wọ́n ń ká a lọ́wọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣí géètì wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kò tíì kí wọn tán tí ìyá rẹ̀ fi kó ọ̀rọ̀ bò ó: pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, pé rọ́bà ni, pé òun ni òun fún mọ́tò ní oògùn tí kò yẹ ẹ́.

"Ẹ dúró ná. Màámi, ẹ da ọ́ìlì maṣíìnì sí mọ́tò?"

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá ẹ sọ!"

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó ní kó fún òun lọ́wọ́ pọ̀. Bàbá fún un. Ọmọ náà ronú díẹ̀.

"Bàámi, ìyẹn ò tó. Àwọn tí mo ń tọ́jú náà máa ń fún mi lọ́wọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ jáde. Ẹ wà mí yí àdúgbò ká, kí n fi ojú ara mi rí i. Tó bá le fún yín, màá mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ẹ ò sì ní bínú sí mi."

"Mi ò ní bínú," ni Má-sáré wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Wọ́n wọ mọ́tò. Aránṣọ ṣí géètì fún wọn, ó dúró síbẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni yíyí àdúgbò ká. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ó gbá ìloro géètì tí kò dọ̀tí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan: ó rí ibi yíyà ẹ̀bá ilé elégbòogi, ó rí obìnrin oníkorobá, ó rí ọwọ́ tó ń yọ̀ kúrò lórí sítíárìn. Ó rí àga ìdí fèrèsé. Ó bẹ Ọlọ́run, ó bá Ọlọ́run jà díẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ó jókòó sílẹ̀ lórí òkúta ẹnu géètì.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn mọ́tò. Ó yọ láti òpin òpópónà, ó ń rọra bọ̀. Ó sún mọ́ géètì, kò dúró. Aránṣọ dìde láti pariwo, àmọ́ ohun tó rí nínú fèrèsé pa á lẹ́nu mọ́. Nọ́ọ̀sì ti sùn. Orí rẹ̀ ti ṣubú ti ẹ̀gbẹ́ díńgí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tú ká lórí itan. Ọmọ tó wá ṣọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti sùn fọnfọn lábẹ́ ọwọ́ náà. Má-sáré gbé ìka òsì sí ètè rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, pé kó má jí i. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló wà lórí sítíárìn. Ní orígun òpópónà, òun ló fi yí i, mọ́tò sì yà wẹ́rẹ́, orí ọmọ náà ò tilẹ̀ mì.

Aránṣọ lọ gbé àga wá síta, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó juwọ́ sí wọn. Ó tó wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó wọlé.